Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó: Ìtàn Ìdámọ̀ Ọ́tísíìmù Lára Àgbàlagbà

ÌFÁÁRÀ

Yorùbá gbà pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà, kò sì sí ẹni tí ó ń jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn. Irú ènìyàn wo ni ẹni tí a sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún, tí ó gbọ́ èdè dáadáa, tí ó mọ̀wé, tí ó ń ṣe iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ déédéé, síbẹ̀ tí ààbọ̀ náà kò di odindi nínú rẹ̀? Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti wà láàrin àwùjọ. Ohun tí kò sí ni orúkọ tí ó bá a mu.

Nítorí pé orúkọ kò sí, àwùjọ yá orúkọ mìíràn lò. Wọ́n ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, nítorí pé ó lè gba ẹ̀gbẹ́ àgbà kọjá láìkí i. Wọ́n ní agbéraga ni, nítorí pé kì í bá wọn jókòó pẹ́ níbi ìnáwó, ariwo ìlù sì máa ń lé e sá. Wọ́n ní dìndìnrìn ni, nítorí pé bí a bá pòwe fún un, ọ̀rọ̀ inú òwe gan-an ni yóò dì mú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní aráyé ni wọ́n ń ṣe é. Lónìí, àwọn oníṣègùn mọ̀ pé àwọn kan nínú irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ohun tí à ń pè ní ọ́tísíìmù. Kì í ṣe àrùn tí ń ranni, kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe èpè. Ọ̀nà tí ọpọlọ gbà dàgbà láti kékeré ni, ó sì mú kí ẹni náà máa gbọ́ ọ̀rọ̀, máa bá ènìyàn lò, máa fara gba ariwo àti ìyípadà, lọ́nà tí ó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn 127 ni ó ní in káàkiri ayé.

Àpilẹ̀kọ yìí yóò tọpa bí orúkọ náà ṣe délé ayé, bí ó ṣe dé Nàìjíríà, àti ìdí tí àwọn àgbàlagbà fi kù sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń ka àwọn ọmọdé. Láti Jos ní Ìpínlẹ̀ Plateau ni ìtàn náà yóò ti gbéra, Jos náà ni yóò sì padà sí.

JOS, ÌLÚ ÀWỌN ÀLEJÒ

Orí òkè ni Jos wà. Gíga rẹ̀ láti ojú òkun ju mítà 1,200 lọ, òtútù rẹ̀ sì máa ń ya ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ dé lẹ́nu. Ilẹ̀ àwọn Berom, Afizere àti Anaguta ni, ṣùgbọ́n kùsà tánganran ni ó sọ ọ́ di ìlú ńlá. Nígbà tí àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí wa kùsà yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ojú irin kékeré kan láti Zaria wọ Bukuru lẹ́bàá Jos ní 1914. Nígbà tí ó di 1927, ojú irin ńlá láti apá ìlà-oòrùn wọ Jos fúnra rẹ̀. Ojú irin wọ̀nyí ni ó kó oríṣìíríṣìí ènìyàn wọ̀lú: Haúsá, Ìgbò, Úròbò, àti àwọn Yorùbá, pàápàá àwọn oníṣòwò Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n dúró, tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Nínú ilé, èdè ìyá ni wọ́n ń sọ, lọ́jà, Haúsá, ní iléèwé àti ọ́fíìsì, Gẹ̀ẹ́sì.

Ìlú tí èdè pọ̀ tó báyìí dára fún òwò, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún ìdámọ̀. Bí ọmọ kò bá tètè sọ̀rọ̀, àwọn ará ilé á ní èdè mẹ́ta ni ó dà á lórí rú. Bí àgbàlagbà kò bá mọ ọ̀nà àtibá aládùúgbò ṣeré, àwọn aládùúgbò á ní bí àwọn ẹ̀yà tirẹ̀ ti máa ń ṣe nìyẹn. Àwọn ẹ̀yà tirẹ̀ náà á ní àjò tí ó pẹ́ sí ni kò jẹ́ kí ó mọ àṣà ilé mọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí ni wọ́n máa ń fi bo irú ẹni bẹ́ẹ̀ láṣìírí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bèèrè bóyá ohun mìíràn wà lẹ́yìn àlejò tí ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni èdè púpọ̀ kì í fa ọ́tísíìmù, àjò kì í sì í fà á.

Kì í ṣe pé Plateau kò mọ̀ nípa ìtọ́jú àwọn tí ara wọn yàtọ̀. Ní Gindiri, ní 1953, àwọn ajíhìnrere dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn tí ó ṣáájú jùlọ ní Nàìjíríà. Ní 1977, Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ó nílò ìtọ́jú àkànṣe. Ọdún náà ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ fún irú ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Yunifásítì Jos, tí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí yunifásítì ní 1975, náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, àwọn tí ìlànà àtijọ́ kọ́kọ́ rí ni àwọn tí ojú lè rí: afọ́jú, adití, arọ. Ọ́tísíìmù kò ní àmì lára. Ẹni tí ó ní in lè ga, kí ó síngbọnlẹ̀, kí ó sì mọ ìṣirò ju gbogbo kíláàsì lọ. Ojú lásán kò lè rí i.

BÍ ORÚKỌ NÁÀ ṢE DÉLÉ AYÉ

Eugen Bleuler, oníṣègùn ará Switzerland, ni ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà láti inú èdè Gíríìkì, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí 'ara ẹni'. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1911, kì í ṣe ohun tí à ń pè ní ọ́tísíìmù lónìí ni ó ń sọ. Irú wèrè kan tí wọ́n ń pè ní schizophrenia ni ó ń ṣàpèjúwe, èyí tí ènìyàn fi máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó ní àwọn tí ó ní in a máa fà sẹ́yìn kúrò láàrin ènìyàn, wọn a sì wọnú ara wọn lọ. Inú ilé wèrè ni wọ́n ti bí orúkọ ọ́tísíìmù, ó sì gbà á ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún kí ó tó rí ọ̀nà jáde níbẹ̀.

Ní 1925, Grunya Sukhareva, obìnrin oníṣègùn ní Moscow, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin mẹ́fà tí àpèjúwe wọn bá ti ọ́tísíìmù òde òní mu, ṣùgbọ́n ayé kò kà á sí. Ní 1943, Leo Kanner ní ilé-ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore kọ nípa ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n fẹ́ràn láti dá wà, tí wọn kò sì fẹ́ kí ohunkóhun yí padà. Ní ọdún kejì, Hans Asperger ní Vienna kọ nípa ọmọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣeré.

Ọmọ àkọ́kọ́ nínú ìwé Kanner ni Donald Triplett, tí wọ́n bí ní 1933 ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Forest, ní Mississippi. Ó dàgbà, ó ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ó wa ọkọ̀, ó gbá gọ́ọ̀fù, ó sì rìnrìn àjò lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kí ó tó kú ní 2023, ní ẹni ọdún 89. Àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ ìwà rẹ̀, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ìtàn rẹ̀ fi hàn pé ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù kì í ṣe ọmọ títí láé. Ó máa ń di àgbà, ó sì máa ń di arúgbó.

Síbẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ohun rere bẹ̀rẹ̀ lè di ohun ìjà. Ìwádìí tí Herwig Czech gbé jáde ní 2018 fi hàn pé Asperger wà lára àwọn tí wọ́n fi àwọn ọmọ kan ránṣẹ́ sí Am Spiegelgrund, ilé kan ní Vienna tí wọ́n ti ń pa àwọn ọmọ tí ìjọba Hitler kà sí aláìwúlò. Ohun tí dókítà kọ sínú ìwé ni ó pinnu ọmọ tí yóò yè àti ọmọ tí yóò kú. Ẹni tí ó bá rò pé ìdámọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kí ó rántí ilé yìí.

Lẹ́yìn ogun, àṣìṣe mìíràn dé. Àwọn oníṣègùn kan ní ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ni ó fà á. Bruno Bettelheim ni ó tan èrò yìí kálẹ̀ jùlọ, pàápàá nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1967. Òǹkàwé Yorùbá kò ní ya ẹnu sí èyí, nítorí pé ní ilẹ̀ Yorùbá náà, ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń nàka sí bí ọmọ kò bá rí bí wọ́n ti fẹ́. Kìkì pé níhìn-ín, àjẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bernard Rimland, tí òun fúnra rẹ̀ bí ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù, ti kọ̀wé tako èrò náà ní 1964. Ṣùgbọ́n àwọn ìbejì ni wọ́n wá jẹ́rìí tí ó lágbára. Ní 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter ṣe ìwádìí lórí orísìí ìbejì 21, wọ́n sì rí i pé láàrin àwọn ìbejì tí wọ́n jọ ara wọn bí ìmumu, bí ọ̀kan bá ní ọ́tísíìmù, ó ṣeé ṣe kí èkejì náà ní in ju ti àwọn ìbejì tí wọn kò jọra lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, kì í ṣe àìfẹ́ ìyá.

Nígbà náà ni ọ́tísíìmù tó jáde kúrò ní ilé wèrè. Ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1971 so ọ́tísíìmù àti schizophrenia ọmọdé pọ̀ mọ́ra nínú orúkọ rẹ̀. Ní 1979, wọ́n yọ schizophrenia kúrò nínú orúkọ náà. Ní 1980, ìwé atọ́nà ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fún ọ́tísíìmù ní ipò tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ti ọmọ ọwọ́ ni wọ́n pè é. Àgbàlagbà kò sí nínú orúkọ náà.

Lorna Wing, oníṣègùn ní London, tí òun náà bí ọmọbìnrin tí ó ní ọ́tísíìmù, ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn àgbà. Ní 1981, ó mú iṣẹ́ Asperger jáde láti inú èdè Jámánì, ó sì fi àwọn ènìyàn tí òun fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò kún un. Àwọn àgbàlagbà wà lára wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbé ọ́tísíìmù dé ọjọ́ ogbó láìsí ẹni tí ó mọ̀. Nígbà tí Traolach Brugha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wádìí àwọn àgbàlagbà láti ojúlé dé ojúlé ní England, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011, wọ́n rí i pé nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní in, àti pé iye náà kò dín kù láàrin àwọn arúgbó. Ìyẹn ni pé ọ́tísíìmù kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ojú tí ń rí i ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ìwé atọ́nà Amẹ́ríkà ti 2013 tún fi kún un pé bí àmì rẹ̀ tilẹ̀ ní láti wà láti kékeré, ó lè má hàn gbangba títí ẹrù ayé yóò fi ju agbára ẹni náà lọ. Ọ̀pọ̀ ni kò rí ìṣòro títí wọ́n fi gbéyàwó, tàbí títí wọ́n fi dé ipò ọ̀gá níbi iṣẹ́.

BÍ Ó ṢE DÉ NÀÌJÍRÍÀ

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò ṣàìmọ̀ pé ẹ̀dá kò rí bákan náà. Wọ́n ní Ọbàtálá ni ó mọ gbogbo ènìyàn, ẹni òrìṣà sì ni wọ́n ń pe afín, abuké àti arọ. Èèwọ̀ ni kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín. Wọ́n tún ní ọgbọ́n ìwádìí. Nítorí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀ ni babaláwo ṣe ń dífá ní ọrọọrún: kò gbà pé ohun tí òun rí lẹ́ẹ̀kan ti tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àmì lára kò sí lábẹ́ ààbò ẹni òrìṣà yìí. Orúkọ tí ó kù fún un ni òmùgọ̀ tàbí asínwín.

Ìjọba amúnisìn kò mú ìwádìí tí ó dára ju èyí wá. Ilé tí wọ́n ń ha àwọn alárùn ọpọlọ mọ́ ni wọ́n kọ́, ní Calabar ní 1904 àti ní Yábàá ní 1907. Ìhámọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ìtọ́jú kò tó nǹkan. Ní 1954 ni ọ̀tun dé, nígbà tí Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Aro, l'Abẹ́òkúta. Ó mú kí àwọn aláìsàn máa gbé láàrin àwọn ará abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀kọ́ tí Aro kọ́ ayé ni pé a kò lè mọ ènìyàn bí a kò bá mọ ilé rẹ̀ àti èdè rẹ̀.

Ìtàn mìíràn tí ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni ti Raymond Prince, oníṣègùn ará Canada. Ní 1960, ó kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń ráhùn pé orí ń gbóná, ojú kò gba ìwé mọ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn kà kò wọlé. 'Brain fag' ni ó pè é, orúkọ náà sì ràn bí iná ọyẹ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníṣègùn tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì bèèrè bóyá ìbẹ̀rù ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ni ó fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ náà lára ọ̀pọ̀ wọn. Orúkọ tí ó tètè yá máa ń dí ìbéèrè lẹ́nu.

Ní ti ọ́tísíìmù, ní 1976 ni Longe kọ nípa ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tí wọ́n ní in. Ní 1978, Victor Lotter gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí àwọn ọmọ ní ìlú mélòó kan ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ọmọdé ni gbogbo àwọn tí wọ́n kọ nípa wọn. Ní 2008, Muideen Bakare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwé ìbéèrè kan láti fi mọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà ṣe mọ ọ́tísíìmù tó. Ti ọmọdé náà ni ó dá lé. Ní Jos pàápàá, ilé-ẹ̀kọ́ Open Doors for Special Learners, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Joanne Umolu dá sílẹ̀, ti ń gba àwọn ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kò mọ bí wọn yóò ti ṣe. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò: ọmọ ọdún márùn-ún ní 1976 ti kọjá àádọ́ta ọdún báyìí. Fún ọmọ kan tí dókítà rí nígbà náà, àìmọye ni dókítà kò rí. Wọ́n ti di akọ̀wé, alágbẹ̀dẹ, olùkọ́, ìyàwó ilé. Ní ti òfin, títí di oṣù kìíní 2023, tí Ààrẹ buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun, òfin nípa wèrè tí ó ti wà láti 1958 ni Nàìjíríà ṣì ń lò.

EWU ÌKÁNJÚ

Ìdámọ̀ tí kò péye ní ewu méjì. Èkínní ni kí a pe ọ́tísíìmù ní nǹkan mìíràn. Àpẹẹrẹ kan tí ayé mọ̀ ni ti Susan Boyle, akọrin ará Scotland tí òkìkí rẹ̀ kàn ní 2009. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún un pé ọpọlọ rẹ̀ fara pa nígbà ìbí rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2012, nígbà tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, onímọ̀ kan yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó sì sọ fún un pé irú ọ́tísíìmù tí wọ́n fi orúkọ Asperger pè ni ó ní. Nígbà tí ó sọ ọ́ fún ayé ní ọdún kejì, ó ní ara tu òun. Àádọ́ta ọdún ni ó fi gbé orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ewu yìí tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí wọ́n bá pè ní wèrè: ó lè máa lo oògùn tí kò bá a mu fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ ní ilé àdúrà tàbí ní ilé oníṣègùn.

Ewu kejì ni kí a pe nǹkan mìíràn ní ọ́tísíìmù. Ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ra dáadáa kì í dáhùn bí a bá pè é. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì máa ń sá fún ènìyàn. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí ìjà àti iná, bí ọ̀pọ̀ ará Jos ti rí i láti ìjà 2001 wá, lè máa ta gìrì bí ó bá gbọ́ ariwo. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá gba orúkọ ọ́tísíìmù, ìtọ́jú tí ó yẹ ẹ́ yóò fò ó ru. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán orí tí ó lè fi ọ́tísíìmù hàn. Sùúrù àti ìbéèrè ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè náà pàápàá ní láti mọ ilé. Òkè-òkun ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè tí àwọn oníṣègùn ń lò. Ọ̀kan nínú àmì tí wọ́n ń wá ni pé ẹni náà kì í wo ojú ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí ó bá tẹjú mọ́ àgbà ni ó ní àléébù. Èyí tí ó wolẹ̀ ni ó ní ẹ̀kọ́. Bí oníṣègùn kò bá mọ èyí, yóò pe ìwà rere ní àmì àìsàn. Bákan náà, àmì lè wà kí ẹ̀kọ́ ilé bò ó. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti kọ́ láti kúnlẹ̀, láti kí 'ẹ kú iṣẹ́' àti 'ẹ kú ìnáwó', lè há gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹni há ìṣirò sórí, láìmọ ìgbà tí ó yẹ àti ìgbà tí kò yẹ. Àwọn ènìyàn á ní ó mọ̀ ọ́n kí. Kò sí ẹni tí yóò mọ bí ó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ tó nígbà tí ó bá délé. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin fi pọ̀ nínú àwọn tí a kò tètè dá mọ̀.

ILÉ NI À Ń WÒ

Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n tún ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú òwe méjì yìí ni gbogbo ọgbọ́n ìdámọ̀ ọ́tísíìmù lára àgbàlagbà wà. Nítorí pé láti kékeré ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, oníṣègùn kò lè dá àgbàlagbà mọ̀ nípa ohun tí ó rí lónìí nìkan. Ó ní láti padà sẹ́yìn. Ìgbà wo ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ta ni ó ń bá ṣeré? Kí ni ó máa ń ṣe bí wọ́n bá yí ibùsùn tàbí oúnjẹ rẹ̀ padà? Bí ìyà náà bá bẹ̀rẹ̀ ní ẹni ogún ọdún, tí ohùn tí a kò rí sì ń bá a sọ̀rọ̀, ọ̀nà mìíràn ni a ó gbà. Òpìtàn ni irú oníṣègùn bẹ́ẹ̀ ní láti jẹ́, kí ó sì wá ẹlẹ́rìí bí òpìtàn ti ń wá a: ìyá, ẹ̀gbọ́n, alágbàtọ́.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti padà sí Jos. Bí a bá mú akọ̀wé kan ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Jos, tí ó mọ iye gbogbo ọjà inú ṣọ́ọ̀bù láìwo ìwé, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ mẹ́rin ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó ń sọ òótọ́ sí ọ̀gá lójú láàrin èrò. Nígbà tí yóò fi pé ẹni ogójì ọdún, ìyá rẹ̀ lè ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè ti padà sí Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, àwọn aládùúgbò àtijọ́ sì lè ti ṣí kúrò nígbà ìjà. Ta ni yóò jẹ́rìí sí ìgbà èwe rẹ̀? Ẹlẹ́rìí tí ó ṣeé ṣe kí ó kù ni ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí olùkọ́ ti kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Kí ni olùkọ́ náà kọ? Bí ó bá kọ 'olórí kunkun ni', èébú ni ó kọ, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá kọ pé 'ó máa ń dá jókòó nígbà eré. Ó máa ń fi ọwọ́ bo etí bí agogo bá dún. Ó mọ ìṣirò púpọ̀. Kì í lóye àwàdà', ẹ̀rí ni ó kọ. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀, oníṣègùn kan lè ka ìlà méjì yìí, kí ó sì tìtorí rẹ̀ yẹra fún fífi orúkọ wèrè sọ ènìyàn. Olùkọ́ kì í ṣe oníṣègùn, kò sì yẹ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọmọ kankan ní ọlọ́tísíìmù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti rí, kí ó kọ ohun tí ó rí, kí ó sì pa á mọ́.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Nínú ìtàn tí a ti tọpa rẹ̀ yìí, ohun mẹ́ta ni ó hàn. Èkínní, ọ́tísíìmù kì í ṣe àlejò ní àwùjọ ènìyàn. Orúkọ rẹ̀ ni àlejò. Èkejì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi orúkọ tí kò tọ́ pè é, tí ọmọ àti ìyá sì jìyà rẹ̀, ní Vienna, ní Amẹ́ríkà àti nílé. Ẹ̀kẹta, àwọn àgbàlagbà tí ó ní in láìmọ̀ wà nínú àwọn ọ́fíìsì, ọjà àti ilé-ìjọsìn Jos, bí wọ́n ti wà ní gbogbo ìlú.

Orúkọ a máa roni. Ẹni tí a bá pè ní òmùgọ̀ fún ogójì ọdún lè gbà pé òmùgọ̀ ni òun. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a fi sùúrù wá orúkọ tí ó tọ́, kí a sì má ṣe fi ìkánjú so ó mọ́ni lọ́rùn. Títí di ìgbà tí orúkọ náà yóò fi dé, ohun kan wà tí kò nílò ìwé dókítà: bí a bá rí ẹni tí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kò di odindi nínú rẹ̀, kí a sọ odindi fún un. Kò dín ọmọlúwàbí ẹnikẹ́ni kù.